Ṣé ohun tí Màmá ń jẹ ló ń ba iyè wọn jẹ́, àbí inú tí kò lọ dáadáa?

Àbẹ̀kẹ́_Ìwó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n. Láti bí ọdún tó kọjá ni iyè wọn ti ń ra díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n á jáde lọ jókòó síta, ọbẹ̀ á jóná mọ́ ìkòkò. Wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra kí ilẹ̀ tó ṣú. Láìpẹ́ yìí wọ́n ń pe àbúrò mi ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú tipẹ́.

Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, metformin ni wọ́n ń lò sí i, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń ru. Inú wọn kì í lọ dáadáa, wọ́n lè lo ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin láìyàgbẹ́. Láti ìgbà tí eyín ti ń tán lẹ́nu wọn, búrẹ́dì àti tíì, núdù, àti gàrí tí wọ́n fi omi rẹ ni wọ́n ń jẹ jù. Ẹran ò ṣeé jẹ fún wọn mọ́, ẹ̀fọ́ ò wù wọ́n.

Àǹtí mi kan ní inú ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé ìdọ̀tí inú ìfun ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ gun orí. Ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó ń ta àgbo tí wọ́n fi ń fọ ìfun, pẹ̀lú kápúsù kan tí wọ́n ní ó kún fún kòkòrò tó dára. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àbúrò mi ọkùnrin ní arúgbó ló ń ṣarán, kò sí nǹkan kan tí a lè ṣe sí i. Èmi ò mọ èyí tí n bá tẹ̀lé. Ṣé oúnjẹ lè fa àìsàn ìgbàgbé? Bó bá lè fà á, ṣé oúnjẹ lè dá a padà?

BàbáOlóko
Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Àǹtí yín ò purọ́ o. Àwọn baba wa mọ̀ pé inú ni ilé àìsàn. Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí bá ń yọ lẹ́nu, ojú rẹ̀ á máa ṣú, orí á máa fọ́ ọ, kò ní lè ro àròjinlẹ̀. Búrẹ́dì àti ṣúgà ló ń pa àwọn àgbàlagbà ìsinsìnyí. Àmàlà láfún, ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, irú àti ẹja gbígbẹ ni ìyá tó bí mi jẹ dàgbà. Wọ́n lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kú, kò sì sẹ́ni tó lè fi náírà kan rẹ́ wọn jẹ. Ẹ fọ inú Màmá mọ́, kí ẹ dá wọn padà sórí oúnjẹ ilé. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n sè dáadáa kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sìTiwa
Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ti àgbo yẹn rárá. Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ ìfun ìyá ẹni ọdún 73 tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àgbo tó ń mú ni yàgbẹ́ gbuuru máa ń fa omi àti iyọ̀ ara jáde. Àgbàlagbà tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, tí pọtásíọ̀mù rẹ̀ lọ sílẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ láàárín ọjọ́ kan péré, ẹ ó sì rò pé àìsàn ìgbàgbé ló le sí i. Bí wọ́n bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú èyí tó ń mú ni tọ̀, ewu náà pọ̀ sí i ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò la ti kápúsù lọ. Ẹ wo metformin yẹn. Oògùn tó dára ni, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, àmọ́ bí èèyàn bá lò ó fún ọdún púpọ̀, kì í jẹ́ kí ìfun fa fítámì B12 wọlé bó ṣe yẹ. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni B12 wà. Kò sí nínú gàrí, kò sí nínú ẹ̀fọ́. Ẹ wá wo Màmá tí kò jẹran mọ́, tó ń jẹ gàrí àti búrẹ́dì, tó sì ń lo metformin. Bí B12 ò bá tó, iyè á máa ra, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta ṣínrínṣínrín tàbí kó kú tipiri, ara á máa rẹ̀ wọ́n. Àìsàn ìgbàgbé tí òun nìkan bá fà wà lára àwọn tí a lè tọ́jú, pàápàá bí a bá tètè mọ̀. Omeprazole tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú máa ń lò, bí ó bá pẹ́ lára, ó ń dín B12 kù bákan náà.

Ẹ ní kí dókítà yẹ B12 wò, kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó sí, kí wọ́n wo táírọ́ìdì, kíndìnrín, àti bóyá ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ jù. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò pẹ̀lú, nítorí kòkòrò inú ìtọ̀ máa ń da orí àgbàlagbà rú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí wọ́n wo etí àti ojú. Gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì, ẹ dà á sínú ọ̀rá kan kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn ara yíyún tó máa ń kun ni lóorun ló ń ba iyè arúgbó jẹ́, ó sì tún ń mú kí ìgbẹ́ le.

Délé_Ìdíkàn
Ẹ jẹ́ n bọ́ sí ti oúnjẹ, nítorí àdúgbò tiwa ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára ìwádìí tó lókìkí jù lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn wa níhìn-ín, àdúgbò kan n'Íbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kó tó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wá ń bá a lọ. Hugh Hendrie ló ṣáájú lọ́hùn-ún. Àwọn tó ti tó ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń lò níhà méjèèjì, wọ́n á sì tún padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti wo ẹni tí nǹkan ti yí padà fún.

Ìyá-ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n bi léèrè. Wọ́n ní kí wọ́n máa dárúkọ ẹranko tó bá ti wá sí wọn lọ́kàn. Màmá ka ẹran ilé tán, wọ́n bọ́ sínú igbó, wọ́n ní "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò tíì parí", títí tí ọmọ tó ń kọ ọ́ fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Ìbàdàn, iye tí dìmẹ́ńṣíà, ìyẹn àìsàn ìgbàgbé, ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35, ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Bí a bá mú Alzheimer's nìkan, oríṣi tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, 1.15 ni tiwa, 2.52 ni tiwọn. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ orírun kan náà la jọ ní. Jíìnì kan tí à ń jogún, APOE e4, tó ń fi àwọn òyìnbó sínú ewu àìsàn yìí wà lára Yorùbá dáadáa, síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá ní nǹkan tó bá jẹ́ ẹyọ kan lèèyàn ní. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré níhìn-ín ju ti Indianapolis lọ. Oúnjẹ wà nídìí ìyẹn. Bàbá Olóko ò jìnnà sóòótọ́.

Ẹ tún wo èyí. Ní 2015 wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú 20 ní Pittsburgh, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àwọn ará abúlé South Africa, ọkà àti ẹ̀wà púpọ̀. Wọ́n wá fún àwọn 20 ará abúlé náà ní oúnjẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Kòkòrò inú ìfun àwọn méjèèjì ti yí ìṣe padà. Bí inú bá lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló dé tí ọpọlọ ò ní jàǹfààní?

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ
Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ti pa nǹkan méjì pọ̀. Ìwádìí Pittsburgh yẹn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Wọn ò yẹ iyè ẹnikẹ́ni wò. Ti Ìbàdàn sì rèé, kò sí ibi tí wọ́n ti fi hàn pé àmàlà ló gba àwọn èèyàn là. Ẹsẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn fi ń rìn lọ sọ́jà. Ilé ẹbí ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú yàrá àdágbé. Ìlú wa ò sì tíì ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanra tó ti wà báyìí. Àwọn tí wọ́n bi léèrè ní 1992 kì í jẹ núdù bíi tòní. Ìbàdàn tòní ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Ẹ má jẹ́ ká fi èsì àwọn ìyá wa àgbà dá ara wa lọ́kàn le.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ti inú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú ìfun ńlá. Ohun tí agbẹ̀du wa ò lè dà, bí èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti háhá ọkà, òun ni oúnjẹ tiwọn. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á mú àwọn ásíìdì kéékèèké kan jáde. Ọ̀kan nínú wọn, butyrate, ló ń bọ́ ara ìfun, òun ló ń jẹ́ kí ògiri rẹ̀ dúró gírí. Bí oúnjẹ wọn ò bá tó, ògiri náà á máa fẹ́lẹ́, ohun tó yẹ kó dúró sínú ìfun á máa jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ogun ara á máa jà láìdáwọ́ dúró. Ìjà àjàìdáwọ́ dúró yẹn ni wọ́n fura sí pé ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ àti ọpọlọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Iṣan kan tún wà, vagus, tó gùn láti orí dé inú, tí àwọn méjèèjì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nítorí náà àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ò ya wèrè, àmọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí àgbo lè fọ̀ ni. Àgbo tó ń fọ ìfun ń gbá àwọn kòkòrò tó dára náà lọ ni.

Ní 2017, ní Wisconsin, wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn 25 tó ní Alzheimer's wò, wọ́n fi wé ti àwọn 25 tí kò ní in. Oríṣi kòkòrò inú àwọn aláìsàn kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù, Bifidobacterium wọn, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tó dára, sì dín kù. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó ń gbàgbé láti jẹun, tó jẹ́ pé búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, ṣé kòkòrò inú rẹ̀ ò ní yí padà? Èwo ló ṣáájú èkejì?

Délé_Ìdíkàn
Àbúrò, wọ́n ti gbìyànjú láti dáhùn ìyẹn. Ní 2023, àwọn ará Yunifásítì Washington ní St. Louis mú àwọn tí iyè wọn ṣì pé, tí wọ́n ń dáná fúnra wọn, tí wọ́n ń wakọ̀. Wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò láti mọ ẹni tí àmì Alzheimer's ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́pọlọ rẹ̀ láìtíì hàn síta. Kòkòrò inú àwọn yẹn ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí ọpọlọ wọn mọ́. Wọn ò tíì máa gbàgbé oúnjẹ nígbà yẹn o. Ẹ ò lè sọ pé ìgbàgbé ló fà á.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ
Òótọ́ ni, ìgbàgbé oúnjẹ kọ́ ló fà á. Àmọ́ ọpọlọ tó ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ náà lè máa yí inú padà, ọ̀nà méjì ni vagus yẹn ní. Èyí tó yé mi ni pé inú àti ọpọlọ jọ ń ṣe nǹkan. Kò sí ẹni tó tíì fi kápúsù tún inú ẹnikẹ́ni ṣe kí àìsàn ìgbàgbé rẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ẹkùn
Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí ò ní pa wá. Ìbéèrè obìnrin yìí rọrùn: ṣé kó ra kápúsù náà àbí kó má rà á?

Nọ́ọ̀sìTiwa
Kó má rà á. Kó fi owó rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò B12, kó fi èyí tó bá kù ra ẹyin àti ẹja.

ÌyáẸlẹ́kọ
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò kàwé bíi tiyín, ògì ni mò ń tà, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí. Àwọn oníbàárà ìsinsìnyí fẹ́ ògì tó funfun, tó fẹ́lẹ́ bíi páúdà. Aṣọ tó dí ni a fi ń sẹ́ ẹ fún wọn. Eèrí tó kù lórí aṣọ, ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wá kó o. Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ pè ní oúnjẹ kòkòrò inú, ṣé kì í ṣe inú eèrí yẹn ló wà? Ìyá ọkọ mi kì í sẹ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Asẹ́ tó lójú díẹ̀ ló ń lò, ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu pé ó rí háhá díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba inú lọ wẹ́rẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ọkà bàbà ni kí ẹ fi ṣe tiwọn, ẹ má sẹ́ ẹ jù, ẹ lọ ẹ̀wà sójà díẹ̀ mọ́ ọn.

Ti irú: irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ rà fún ẹni tí kò léyín, ó máa ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Irú wooro á máa há wọn lẹ́nu. Ẹ ṣan án kí ẹ tó lò ó, àwọn kan ń da iyọ̀ sí i bí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹja, ẹ̀jẹ̀ Màmá sì ń ru. Bí irú bá ti wà nínú ọbẹ̀, Maggi ò ní pọ̀ mọ́.

Ọmọ_Ẹkùn
Ìyá, ẹ sọ ọ́ ire. Àmọ́ mo máa ń gbọ́ pé kòkòrò inú irú àti ògì ló ń ṣe inú láǹfààní. Ṣebí a ti sè é? Gbogbo wọn ti kú sínú ìkòkò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ
Ti ògì, bẹ́ẹ̀ ni. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló ń mú un kan, iná sì ń pa á bí a bá ti ro ó di ẹ̀kọ. Ti irú yàtọ̀. Kòkòrò mìíràn, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ lára hóró irúgbá nígbà tí wọ́n bá dì í mọ́ inú ewé tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, kòkòrò yẹn sì máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle kan tí omi gbígbóná ò lè tètè pa.  Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún Màmá ni pé irú fúnra rẹ̀ jẹ́ irúgbìn, ó ní amáradàgbà àti ohun tí kòkòrò ìfun ń jẹ. Ẹ má fún wọn ní omi orí ògì tútù mu o, omi tí a fi rẹ ògì lọ́jà kì í fìgbà gbogbo mọ́.

Gàrí náà nìyí, n ò fẹ́ gbójú fò ó. Òṣúntókun kan náà tí ẹ̀gbọ́n Délé dárúkọ ló ṣèwádìí, láti àwọn ọdún 1960, lórí àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí amáradàgbà tó tó. Ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àti etí wọn ń bàjẹ́. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa wà lára ohun tó fà á. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ìgbàgbé. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé oúnjẹ lè ba iṣan jẹ́, Yorùbá ni wọ́n ti rí i lára wọn.

BàbáOlóko
Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gẹ́ kì í pa ẹni tó rẹ ẹ́ pé ọjọ́. Ìkánjú ló ń fà á, àwọn tó ń ta gàrí ọjọ́ kan. N ò sì gbà pé kápúsù àti àgbo jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ kàn dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ti búrẹ́dì ńkọ́? Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn.

Títí_Peckham
Bàbá, ẹ jàre lórí búrẹ́dì. Ní Bùràsíìlì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Àwọn tí oúnjẹ ilé-iṣẹ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ, bisikíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sọ́sééjì, núdù, iyè tiwọn ń yára lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀ lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ núdù lójoojúmọ́ lè jẹ́ ẹni tí kò lówó, tí kò sùn, tí kò rìn. Kò rọrùn láti ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí mò ń tọ́jú ìyá mi nílùú London, dìmẹ́ńṣíà tí rọpárọsẹ̀ kéékèèké fà ni wọ́n ní ó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Chicago fi ètò oúnjẹ kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní MIND, tí Martha Clare Morris ṣe ní Yunifásítì Rush: ẹ̀fọ́ eléwé, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti irú rẹ̀, ẹja, òróró ólífì, àwọn èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 2015 wọ́n ní àwọn tó ń tẹ̀ lé e gírígírí, ewu Alzheimer's wọn fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra èso bulúbẹ́rì. Owó rẹ̀ ń dun ni, Màmá sì ń tu ú dà sínú ọwọ́ mi.

Ní 2023 ni èsì ìwádìí tó le jù jáde. Wọ́n pín àwọn 604 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan jẹ MIND, àwọn kan jẹ oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn sì ń dín jíjẹ kù díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀ láàárín wọn. Ọdún mẹ́ta lè má pẹ́ tó, mo mọ̀. Àmọ́ mo ti fi bulúbẹ́rì sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ yòkòtò, ewédú, ẹ̀wà àti ẹja títù ni mò ń fún Màmá, ó ń jẹ wọ́n nítorí ó mọ̀ wọ́n. Arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra kì í fẹ́ kọ́ oúnjẹ tuntun.

Nọ́ọ̀sìTiwa
Àǹtí Títí ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ní 2024 ka nǹkan 14 tí a bá mójú tó, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún dìmẹ́ńṣíà lè dín kù tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Oúnjẹ ò sí nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan lọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ìsanra, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ojú ìkòkò ọbẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba kọjá. Etí dídi náà wà níbẹ̀, ojú tí kò ríran, àìrìn, àdágbé, ìrẹ̀wẹ̀sì. Àwọn ará Finland sì pín àwọn 1,260 àgbàlagbà sí ọ̀nà méjì fún ọdún méjì, wọ́n fún apá kan ní ìtọ́jú oúnjẹ, eré ìdárayá, ohun tó ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Iyè àwọn tí wọ́n ṣe é fún dára ju ti àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lọ. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni o.

Ohun kan tí mo rí táwọn ọmọ máa ń ṣe: nítorí ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá wọn. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó ní àìsàn yìí máa ń rù, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ tó hàn sí gbogbo ayé pé ó ń gbàgbé. Ẹ wọn ìwúwo Màmá lóṣooṣù. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwó
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. A ti lọ. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé, dókítà ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní "ọjọ́ orí ni", ó kọ fítámì alápòpọ̀ fún wa. Mo rántí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo gbé Màmá lọ síbòmíràn. Wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wà ní 178 lórí 96. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. B12 ni wọn ò ní irinṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí a gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn. A ṣì ń retí èsì. Nínú ọ̀rá oògùn, dókítà mú hóró kan tí Màmá ń lò láti fi sùn, ó ní kí a dá a dúró. Àǹtí mi ń bínú pé mo fi àgbo rẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni jíjẹ. Ẹ̀wà ni ẹ ń sọ, eyín ò sí. Inú kò sì tíì lọ.

Títí_Peckham
Ẹ bó ẹ̀wà, ẹ lọ ọ́, ẹ ṣe mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Ẹ fọ́ ẹja títù sí i, kí ẹ yọ egungun rẹ̀ dáadáa, kí ẹ lu ẹyin kan mọ́ ọn. Bíbó ń mú èèpo kúrò lóòótọ́, àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n má jẹ ẹ̀wà rárá. Ẹ lè fi èèpo díẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ń lọ ọ́, kó kúnná. Gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú tún dára gan-an, kò nílò eyín. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń fi oúnjẹ sẹ́nu tí wọn ò gbé e mì, tàbí wọ́n ń wúkọ́ bí wọ́n bá ń mu omi, ẹ má fi ipá bọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

ÌyáẸlẹ́kọ
Ilá náà, ẹ rin ín, má gé e. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ṣíbí díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe odindi nítorí ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín nídìí ààrò kí wọ́n máa ṣa ewédú. Ọwọ́ wọn ò ní gbàgbé ìyẹn, wọ́n á sì fẹ́ jẹ ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣà.

Nọ́ọ̀sìTiwa
Omi ńkọ́? Arúgbó kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìgbẹ́ tó le ti Màmá, kí ẹ tó wá oògùn kankan, ẹ gbé ife omi fún wọn láàárọ̀, nígbà oúnjẹ, àti nígbà oògùn, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán. Kí wọ́n rìn yí ilé ká lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá tún kọjá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn, ẹ má lọ sọ́dọ̀ alágbo. 178 yẹn sì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú lónìí, ẹ má dúró de èsì B12.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwó
Wọ́n ti yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà padà. Màá mú èsì wá síbí bó bá ti dé láti Ìbàdàn. Àbúrò mi ní kí n bi yín: nígbà tó jẹ́ pé ìyá ló ní in, ṣé kí òun náà fi núdù sílẹ̀?

Délé_Ìdíkàn
Kó lọ ka ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ná.